Dẹ́dìláìnì àti Ọjọ́ Kẹsàn-án

Bí o bá jókòó fún wákàtí kan péré nínú ṣọ́ọ̀bù tí Dámisọ́lá ti ń ṣe fótókọ́pì lẹ́bàá Sábó ní Ṣàgámù, o ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kankan tó pọ̀ tó dẹ́dìláìnì. Akẹ́kọ̀ọ́ á sáré wọlé, á ní dẹ́dìláìnì òun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Oníṣòwò obì á gbé ìwé ẹgbẹ́ wá, á ní alága ti fún àwọn ní dẹ́dìláìnì. Bàbá àgbàlagbà kan tiẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ní ìyàwó òun fún òun ní dẹ́dìláìnì láti tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Dámisọ́lá á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, á máa tẹ̀wé. Ẹlòmíràn ló ni dẹ́dìláìnì nígbà náà, ohun ẹlẹ́ni kì í sì í dun ni bíi tara ẹni. Ọjọ́ tí tirẹ̀ dé, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Ọjọ́ Ajé ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń lé láti ọdún mẹ́ta ló kọ ọ́. Wọ́n ní ó yege ìdánwò, wọ́n kí i kú oríire, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ò pé. Àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un jẹ́ ti ọmọ Rẹ́mọ nìkan, nítorí náà kí ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ baálẹ̀ abúlé baba rẹ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dẹ́dìláìnì: Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, agogo méjìlá ọ̀sán.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Dámisọ́lá. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kì í gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú tó fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ẹ má wulẹ̀ bi í pé kí ló dé tó fi ń fẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ńṣì ni ìyá rẹ̀ kú sí nílé ìwòsàn kan, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ti ń tọ́jú ogójì èèyàn. Dámisọ́lá wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kò sì mọ nǹkan kan tí ó lè ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun á mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ kejì tó jẹ́ Ìṣẹ́gun, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí-Obì, abúlé kékeré kan lẹ́yìn Akaka, níbi tí ìyá baba rẹ̀, Ìyá Sàdíátù, ń gbé. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé. Wọ́n ti ń kó àwọn bẹ́ńṣì kúrò lójúde baálẹ̀, àwọn àgbà ń bọ́ fìlà wọn gbọn erùpẹ̀ dànù, wọ́n ń lọ sílé. Ẹsẹ̀ Dámisọ́lá ò tíì balẹ̀ dáadáa tó ti kúnlẹ̀ níwájú baálẹ̀, tó ro ẹjọ́ rẹ̀.

Baálẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ọmọ wa ni ọ́, èmi àti baba rẹ jọ gun igi obì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ baálẹ̀ ṣáájú mi, òun nìkan ló ń jókòó sínú yàrá tó ń fọwọ́ síwèé. Ilẹ̀ kan náà, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n tà á fún. A ṣì wà nílé ẹjọ́ di òní. Láti ìgbà náà la ti búra pé níwájú gbogbo àgbà, lọ́jọ́ ìpàdé, la ó ti máa tẹ òǹtẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ túká nìyẹn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ fún ọ nísinsìnyí, mo ti ba ìlú jẹ́."

Dámisọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, omi ń dà lójú rẹ̀. Baálẹ̀ ò bínú, kò sì yí padà. Èwo ló tún kù? Ó dìde, ó lọ bá ìyá àgbà tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà tó ń bó obì.

"Ìyá, agogo méjìlá Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni gbèdéke ìwé yìí o. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó parí."

Ìyá Sàdíátù ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lára obì rẹ̀. Tọkàntọkàn ni màmá yìí ń sọ èdè Rẹ́mọ, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni. "Ìsán ni ìpàdé wa, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹsàn-án òní, àwẹn àgbà á tún jókòó. N ó gbà á, n ó sì gbé e wá bá ọ lúṣẹ́ rẹ ní Ṣàgámù fúnra mi. Fọkàn balẹ̀. Wọnú ulé kóo jẹun."

Ó fi àwo ọbẹ̀ àti ẹ̀bà síwájú rẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé lọ ja ewé tí yóò fi bo obì. Dámisọ́lá yọ fóònù, ó ṣí kàlẹ́ńdà. Ó fi ìka ka Ọjọ́rú ọ̀la ní oókan, Ọjọ́bọ̀ ní eéjì, ó kà á lọ títí, ẹẹ́sàn-án bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Ó tún un kà. Ọjọ́bọ̀ náà ni. Ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti tì! Ó gbé òkèlè padà sínú àwo. Ó wo ẹ̀yìn màmá tó ń ja ewé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, inú rẹ̀ sì bí i. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá àgbà ò mọ ohun tó ń jẹ́ dẹ́dìláìnì. Àwọn ará oko rò pé gbogbo nǹkan ló ń dúró de èèyàn bí obì inú agbọ̀n. Kò dágbére dáadáa tó fi gun ọ̀kadà padà.

Ìjokù ní Ṣàgámù ló ń gbé, nílé Tíṣà Lásúnkànmí tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ìfẹ̀yìntì ọ̀hún ò kúkú dá a dúró. Bí o bá ṣèèṣì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sínú ìkíni rẹ, wàá gbọ́ ìtàn bàbá ńlá ọ̀rọ̀ náà kó o tó ráyè kúrò lórí àtẹ̀gùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tó jẹ́ Ọjọ́rú, Dámisọ́lá lọ bá a pé kó bá òun wá ọgbọ́n sí i. Ó ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni dẹ́dìláìnì, Ọjọ́bọ̀ sì ni àwọn àgbà tó máa jókòó.

"Dẹ́dìláìnì," ni Tíṣà wí, ó sì yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ìtàn ni mò ń wá."

"Máa gbọ́. Òkú ni apá kìíní rẹ̀, ìlà ni apá kejì. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n bá mú sínú ọgbà tí wọ́n fi ìtì igi yí ká. Nínú ọgbà náà, kó o tó dé ara ògiri, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pa ìlà kan. Ẹ̀ṣọ́ wà lókè pẹ̀lú ìbọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá ìlà yẹn, kò sí ìkìlọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, wọn á yìnbọn fún un ni. Ìyẹn ni dẹ́dìláìnì. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníwèé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ń pe wákàtí tí ìròyìn ò lè wọnú ìwé mọ́. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ayé ti yá a, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ ní Sábó."

Dámisọ́lá ń yí fóònù rẹ̀ síwá sẹ́yìn lọ́wọ́.

"Àwa ní gbèdéke tiwa," ni Tíṣà tún wí. "Gbèdéke ṣeé bẹ̀, ó ṣeé sún síwájú. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ká mi lára nínú ìtàn yẹn ni pé ìlà náà ò sí níta. Inú ọgbà ló wà. Ẹni tí wọ́n yìnbọn fún ò tíì sá lọ síbì kankan. Ibòmíràn wà tí igi rẹ̀ ti jẹrà tí ìlà ò hàn mọ́. Ẹni tí kò rí i náà kú." Ó wá rí ojú Dámisọ́lá, ó sì dákẹ́. "Má bínú, ọmọ mi. Ìwà tíṣà ni. Pè wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, bóyá wọ́n á ṣàánú rẹ."

Ó pè wọ́n. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gba ìwé kì í ṣe èèyàn, bí agogo méjìlá bá ti lù, ó máa ti ara rẹ̀ ni, òun alára ò lè ṣí i. Dámisọ́lá pe ìyá àgbà. Fóònù ò lọ. Ó tún pè é ní Jímọ̀, ó pè é ní Àbámẹ́ta, ó pè é títí ohùn obìnrin tó ń sọ pé wọ́n ti pa fóònù náà fi há sórí rẹ̀. Ṣé a kúkú mọ̀ pé iná ò sí ní Ìdí-Obì láti ìgbà tí tíráńsífọ́mà ti jó. Akaka ni wọ́n ti ń lọ gba iná sí fóònù, màmá yìí ò sì ní í fi obì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí fóònù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn, ó sì kúrú. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí ó bá ń gé bébà, á rí ìlà lójú ọ̀bẹ ìgébébà. Bí ó bá ń kọjá títì, á bá ara rẹ̀ tó ń yẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí ìlà funfun ojú ọ̀nà bí ọmọ kékeré. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á kú sídìí ẹ̀rọ fótókọ́pì, òun á máa bá àwọn ẹlòmíràn tẹ ìwé tí wọ́n máa fi bọ́ sípò.

Jùwọ́n tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Ọmọlúàbí ni Jùwọ́n o, kó má di pé mo ń ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ojú àánú ló pọ̀ jù fún un, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ lórí kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí Dámi, ṣé torí bébà kan lẹ fẹ́ kú? Ṣé ẹ kì í ṣe ọmọ abúlé yẹn ni?"

"Ọmọ ibẹ̀ ni mí."

"Ṣé baálẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀ yín?"

"Ó mọ̀ mí."

"Ẹ wá wò ó, òótọ́ kúkú ni. Ọjọ́ nìkan ni ò bára mu. Ẹ jẹ́ n ṣe òǹtẹ̀ náà. Nọ́ńbà mi kejì la máa kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá pè láti yẹ̀ ẹ́ wò, màá mú kí ohùn mi ki bíi ti baálẹ̀, màá húkọ́ díẹ̀, ó tán."

Dámisọ́lá ní rárá ní Ọjọ́ Ajé. Ó tún ní rárá láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n rárá kejì ò lágbára tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ó dákẹ́. Jùwọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá ìwé baálẹ̀ abúlé mìíràn kan tí oníbàárà fi sílẹ̀, ó pa orúkọ rẹ́, ó kọ òmíràn. Ó ṣe òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù róbótó. Ó fi àmì ìfọwọ́sí kan sí i lábẹ́, ó rẹwà ju ti gómìnà lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Dámisọ́lá fi ìwé náà sórí ojú òpó. Ojú òpó bi í bóyá ohun tó kọ jẹ́ òótọ́, ó ní kó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì aláwọ̀ ewéko kan yọ, ó ní a ti gba ìwé rẹ, kò sì ṣeé yí padà mọ́. Jùwọ́n pàtẹ́wọ́. Dámisọ́lá náà fẹ́ yọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo àmì náà bí ẹni pé wọn ò tíì gba nǹkan kan.

Agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Sàdíátù ló sọ̀ kalẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ti kún bàtà rẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti wọ́ sí èjìká kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fi ọwọ́ mú ẹja lódò. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ ìwé kan tó fi ọ̀rá dì, tó tún fi ewé obì wé lórí ọ̀rá.

"Gbà, ọmọ mi. Mo lọ kan ilẹ̀kùn àwẹn àgbà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo ní bí oòrùn bá ta kí wọ́n tó jókòó lónìí, èmi àti wọn la jọ máa fún ara wa lésì. Agogo méjìlá lo sọ. Ṣé ó ti kọjá ni?"

Dámisọ́lá gba ìwé náà. Ó tú ewé àti ọ̀rá rẹ̀. Kò sí àmì ìfọwọ́sí tó rẹwà níbẹ̀; àtẹ̀ka méje ló wà níbẹ̀, ti baálẹ̀ àti ti àgbà mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ní yíǹkì aláwọ̀ àlùkò, òǹtẹ̀ wọn sì jẹ́ onígun mẹ́rin.

"Ìyá," ni ó wí, "ṣebí ọ̀la ni wọ́n máa jókòó? Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ sọ. Mo kà á."

"Òní ló pé mẹ́sàn-án." Màmá na ìka rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìṣẹ́gun tí o wá, ọ̀kan. Ọjọ́rú, méjì. Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta." Ó kà á títí dé orí òní, ìka kan ló kù tí kò ká.

"Láti Ọjọ́rú ni mo ti bẹ̀rẹ̀," ni Dámisọ́lá wí. "Mi ò ka ọjọ́ tí mo wá."

Ìyá Sàdíátù wò ó tìyanutìyanu. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú, kò rí ẹni tó ka ọrún tàbí ìsán láìfi ọjọ́ tí a wà kún un rí. "Ọjọ́ tí o wá kì í ṣe ọjọ́ ni? O jẹun lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. O sunkún lójú mi. O wá yọ ọ́ kúrò nínú òǹkà?"

Jùwọ́n dìde pẹ̀lẹ́, ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Dámisọ́lá wo aago ara ògiri: agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó ṣì ku wákàtí kan lé díẹ̀, òun sì ti kọjá ìlà. Ó rántí ohun tí Tíṣà sọ, pé inú ọgbà ni ìlà náà wà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, agogo méjìlá ló ń wò, kò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Fi ránṣẹ́ sí wọn, kí n rí i," ni màmá wí. "Baálẹ̀ ní kí n sọ fún ọ pé ẹnikẹ́ni tó bá pe òun, ìwé kan ṣoṣo lòun fọwọ́ sí lóṣù yìí, tìrẹ ni."

Ó rọrùn láti purọ́ nígbà náà. Ó lè ní òun ti fi ránṣẹ́. Màmá ò mọ̀wé. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wo erùpẹ̀ pupa tó wà lára bàtà yẹn, ojú tì í, ó ju bí a ṣe lè sọ lọ. Ó fà bẹ́ńṣì wá.

"Ìyá, ẹ jókòó. Mo ti ṣe nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ tán, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá Sàdíátù ò pariwo. Ojú rẹ̀ kàn dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ó tún ìborùn rẹ̀ fà sórí, ó sì ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Pè wọ́n."

Dámisọ́lá pe nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Obìnrin ohùn tútù yẹn ló tún gbé e. Dámisọ́lá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ti wà lọ́wọ́ mi."

"Èmi ò lè fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yín," ni obìnrin náà wí. "Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, gbogbo ẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Ẹ so ìwé tòótọ́ mọ́ ọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wa kí agogo méjìlá tó lù. Àwọn ọ̀gá ló máa pinnu. Wọ́n lè lé yín dànù. Mi ò ṣèlérí kankan."

"Mo gbọ́ mà. Ẹ ṣé."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìyá Sàdíátù sún bẹ́ńṣì mọ́ ọn, títí apá wọn fi kanra.

"Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá?"

"Láti Ìṣẹ́gun," ni màmá wí. "Láti ọjọ́ tí o wá bá mi."

Dámisọ́lá nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.